Ta Ló Pa Ohùn Bàbá Mẹ́tìrì Rẹ́?

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti pa ohùn bàbá mi rẹ́!"

Bí ọmọbìnrin náà ṣe já wọ àgọ́ ọlọ́pàá Ikpinlè nìyẹn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbá kọ̀ǹpútà alágbèéká kan mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Èmi ló kọ́kọ́ bá pàdé, nítorí ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, tí mò ń dúró kí ìyàwó mi jẹ ẹ̀kọ àti ẹja díndín tí mo gbé wá fún un tán, kí n lè gbé abọ́ padà sílé. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí ọkọ ń gbé oúnjẹ tẹ̀ lé ìyàwó kiri. Ẹni tó bá fẹ́ irú Jeanne á gbé e.

Kí n tètè sọ ẹni tí a jẹ́. Gildas lorúkọ mi, tíṣà ni mí ní Kpoulou. Jeanne, ìyá Ọmọ́ládé ọmọ mi, ni ìnísípẹ́tọ̀ tí wọ́n rán lọ sí Kútọnu láti kọ́ nípa ọ̀ràn orí ẹ̀rọ. Ó mọ ọ̀rọ̀ wò, ó mọ ojú ènìyàn wò, kò kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ ni. Èmi ń bá a sọ tirẹ̀ mọ́ tèmi, ilé wa sì ń lọ dáadáa.

Ọ̀gá tó ń gba ẹjọ́ lọ́jọ́ náà wo ọmọbìnrin yìí lókè wò ó nílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ohùn tó sọnù ni kí n kọ sílẹ̀? Àwọ̀ wo ni ohùn náà ní? Ó ga ni àbí ó kúrú?"

Jeanne gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ láìjẹ ẹ́ tán, kí ẹlẹ́ṣẹ̀ yáa máa gbàdúrà.

"Àbúrò mi, jókòó. Kí lorúkọ ẹ? Ta ni bàbá ẹ?"

"Espérance ni mí, Madam. Bàbá Fábíyì ti Massè ni bàbá mi."

"Bàbá Mẹ́tìrì!" Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ Bàbá Mẹ́tìrì ní gbogbo Adja-Ouèrè? Mẹ́tìrì ni à ń pe tíṣà lédè Faransé, òun ló sì kọ́ àwa tí a pọ̀ jù lọ ní ìwé, títí tó fi di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ohùn tí mò ń wí yìí, tí Bàbá bá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó pe orúkọ rẹ, bó o bá wà lórí ọ̀pẹ, wàá sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ. Àmọ́ àrùn ẹ̀gbà ti kọ lù ú. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́lẹ̀, ahọ́n sì kọ̀, kò yí mọ́. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, ó mọ gbogbo wa lórúkọ, ṣùgbọ́n tó bá la ẹnu, "ẹn-ẹn" nìkan ló ń jáde.

Espérance nu ojú, ó rojọ́. Ìdána rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Òun ni àbíkẹ́yìn, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Kí àìsàn tó dé, nígbà tí dókítà ti ń kìlọ̀ fún Bàbá nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, Bàbá pe Armand, ẹ̀gbọ́n Espérance, ó ní kó fi tẹlifóònù gba ohùn òun sílẹ̀. Ó ṣe ìwúre gígùn fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ó ní bí ọjọ́ ìdána bá bá òun láyé, òun á fi ẹnu ara òun sọ ọ́. Bí òun ò bá sí mọ́, kí wọ́n jẹ́ kó gbọ́ èyí. Armand kó o sínú ọ̀dinatẹ́ẹ̀ ilé, bí àwa ará ibí ṣe ń pe kọ̀ǹpútà. Tẹlifóònù náà bọ́ sínú kànga lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù láyé, òun náà ló sọnù yìí.

"Mo ti rò ó sílẹ̀," Espérance ní. "Pé tí ohùn ẹ̀ bá ń dún, màá kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀, á dà bíi pé òun gan-an ló ń sọ ọ́. Madam, ṣé kí n lọ sílé ọkọ láìgba ìwúre bàbá mi? Ilé ọkọ wo nìyẹn?"

Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì tijú.

Jeanne kò sunkún ní tirẹ̀. "Láti ìgbà tó ti sọnù, ta ló ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí?"

"Armand nìkan. Ó wá a títí. Ó wo Corbeille, apẹ̀rẹ̀ tí ohun tí a bá jù nù máa ń bọ́ sí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó mọ́ nigín."

"Ẹ má tàn án mọ́ o. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tàn án."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ pátápátá ni?"

"Ṣé ẹ lóko ẹ̀gẹ́?" Jeanne bi í.

"A ní, Madam."

"Bí ẹnì kan bá gé gbogbo igi ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ á ní oko ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀. Ìgbà tí ẹlòmíràn bá wá tú ilẹ̀ náà, tó gbin àgbàdo sí i, ìgbà yẹn ló tó bàjẹ́. Fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ náà nìyẹn. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n gé kúrò. Tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ tí ẹ ń kó fíìmù sí i, ilẹ̀ lẹ ń tú yẹn."

Ó so ẹ̀rọ náà mọ́ tirẹ̀, ó fi ètò kan tó mú bọ̀ láti Kútọnu lé e lórí pé kó máa wa ìsàlẹ̀ wò, ó ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Ètò yẹn á pẹ́," ó ní. "Kó máa wá ohùn lọ, kí àwa lọ wá ẹni tó pa á rẹ́. Bàbá Ọmọ́ládé, ẹ gbé alùpùpù."

"Ẹ̀kọ tí mo gbé wá ńkọ́?"

"Ẹ jẹ ẹ́."

Ṣé ẹ rí ìyà tó ń jẹ mí?

*

Lórí àga onírọ̀rí lẹ́bàá fèrèsé la bá Bàbá Mẹ́tìrì. Jeanne kúnlẹ̀ kí i, èmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó na ọwọ́ òsì tó kù fún un, ó gbá mi lórí wẹ́rẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nínú kíláàsì. Inú mi dùn bí ọmọdé. Àwọn ará ilé àti Espérance tó bá wa dé ti ń fa àga fún wa, wọ́n ń pariwo lọ pariwo bọ̀ lórí rẹ̀, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Armand, géńdé tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, ni Jeanne kọ́kọ́ dojú kọ.

"Ìwọ lo máa ń lo ẹ̀rọ náà jù?"

"Èmi ni, Madam. Mo máa ń kó fíìmù àti bọ́ọ̀lù sí i. Orí tábìlì yẹn ló máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá. Àmọ́ kí n pa ohùn Bàbá rẹ́? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. A yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá tí a ó lò níbi ìdána, a sì ní ká fi ohùn Bàbá dán an wò. Háà, Madam! Ó dún dé inú ìgbó ọ̀pẹ. Ògúnsànyà adẹ́mu wà lókè ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé wa. Ẹ mọ̀ pé lóde òní, ohùn òkú ni wọ́n máa ń tẹ̀ síta bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ látorí ọ̀pẹ, ó fi igbà sílẹ̀, ó ń sunkún bọ̀: 'Mẹ́tìrì ti lọ o! Ọ̀rẹ́ mi ti lọ o!' Ó já wọlé, ó bá Bàbá lórí àga tó ń wò ó. Ó kù díẹ̀ kó sá!"

Espérance náà rẹ́rìn-ín títí tó fi nu omi ojú. Èmi rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, torí mo mọ Ògúnsànyà, mo sì mọ bí ikùn rẹ̀ ṣe tóbi tó.

"Bàbá ńkọ́?" Jeanne bi í. "Ṣé òun náà rẹ́rìn-ín?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Armand. "Bàbá? Mi ò... mi ò wo ojú ẹ̀, Madam."

"Ó dáa. Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?"

"Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo wa lọ Máàsì. Ẹnikẹ́ni ò sí nílé. Nírọ̀lẹ́, Espérance ní òun fẹ́ tún un gbọ́, ló bá di àwátì. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo pàǹtírí mi tó wà nínú Corbeille lọ pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn fíìmù tí mo ti jù nù tipẹ́, wọ́n dà wọ́n nù pátá."

"Ìwọ kọ́ lo dà á nù?"

"Ẹ bi wọ́n, Madam, yàrá tí mò ń sùn gan-an n kì í gbá."

"Òótọ́ ló sọ," Espérance ní.

"Ta ló mọ kóòdù ẹ̀rọ náà?"

"Èmi àti Espérance nìkan." Armand họ orí. "Ohun kan tún wà. Nígbà tí mo fẹ́ tàn án, eku ẹ̀rọ, èyí tí à ń fọwọ́ tì yẹn, ó wà lápá òsì. Ọ̀tún ni mo máa ń fi í sí. Kò sí ọlọ́wọ́ òsì kankan nílé yìí."

"Ọlọ́wọ́ òsì!"

Ìyá Ọmọlará, àbúrò Bàbá obìnrin, ló ké bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tó fi síbí ọbẹ̀ sílẹ̀ láti wá dá sí ọ̀rọ̀. "Ẹ ti gbọ́ tẹnu Ọlọ́run! Ta ni ọlọ́wọ́ òsì tó ń wọlé tó ń jáde níbí? Ulrich ni! Ọkọ tí ẹ ní ẹ rí yẹn! Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́? Mo ní ọmọ Kátólíìkì kún ìlú, ẹ lọ mú aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ o!" Espérance ti fọwọ́ lérí.

Jeanne yíjú sí ìyá náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀yin náà ò kúkú fẹ́ ìgbéyàwó yìí. Bí ohùn náà bá sọnù, ṣé kò ní dùn mọ́ yín?"

"Èmi!" Ó fa tẹlifóònù kékeré kan yọ láti inú ọ̀já. "Ẹ wò ó. Tí èyí bá ń ké, n óò máa wá ẹni tó máa bá mi tẹ̀ ẹ́ kiri ni. Ọ̀dinatẹ́ẹ̀ wo ni n óò lò? Tí mo bá sì fẹ́ ba ìdána jẹ́, ṣé ẹnu mi nìkan ò tó ni?"

Gbogbo wa gbà pé ẹnu rẹ̀ tó. Jeanne gan-an rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí Ìyá padà sídìí ọbẹ̀ kó má bàa jóná. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Espérance. Ó ti ń wo ìka rẹ̀, ó ń rò ó. Tí wọ́n bá gbìn ín sí i lọ́kàn pé ọkọ rẹ̀ ló pa ohùn bàbá rẹ̀ rẹ́, ìdána yẹn ti tú ká nìyẹn.

*

Ulrich ń gbin ọmọ ọ̀pẹ tà lẹ́bàá ọ̀nà Ikpinlè. A bá a níbi tó ti ń bu erùpẹ̀ sínú àpò dúdú kéékèèké, ọwọ́ òsì ló sì fi di ṣọ́bìrì mú lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wa débẹ̀. Mi ò mọ ọlọ́kadà tí Ìyá Ọmọlará rán, àmọ́ eré rẹ̀ yá ju tèmi lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," ó ní, kò gbójú sókè. "Wọ́n ti ní èmi ni."

"Ta ni 'wọ́n'?" Jeanne bi í. "Èmi ò tíì sọ nǹkan kan. Níbo lo wà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú?"

"Ní ìjọ wa, ní Kpoulou. Èmi ni mo gbé àgbélébùú ṣáájú. Gbogbo ìjọ rí mi."

"Ṣé o mọ kóòdù ẹ̀rọ wọn?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án rí láyé mi, Madam." Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Ẹ wò ó, tí wọn ò bá fẹ́ kí n fẹ́ ẹ, kí wọ́n sọ. Màá sunkún, àmọ́ màá gbọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ pé mo ṣe Bàbá ní ibi. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, gbogbo tíṣà ló ń nà mí pé kí n fi ọ̀tún kọ̀wé. Bàbá nìkan ló ní, 'Ẹ fi í sílẹ̀, ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un nìyẹn.' Ṣé ẹni yẹn ni n óò pa ohùn ẹ̀ rẹ́?"

Mo fẹ́ gbá ọmọ náà mọ́ra. Mo ti gbàgbọ́ tipẹ́. Ẹ má sọ fún ìyàwó mi, ó ní tíṣà kò gbọdọ̀ máa tètè gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀.

"Nísinsìnyí tó jẹ́ òsì nìkan ló kù fún òun náà," Ulrich ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "èmi ni mò ń kọ́ ọ. Lọ́sàn-án, tí wọ́n bá ti lọ sóko, a máa jókòó. Mo ti kọ́ ọ bó ṣe máa fi òsì gé iṣu, bó ṣe máa fi dé bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ó ti ń kọ orúkọ ara ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yòókù ni kì í bá a wá, àmọ́ orúkọ ẹ̀, ó ń kọ ọ́ dáadáa. Inú ẹ̀ máa ń dùn, Madam! Wọn ò mọ̀. Ó ní kí n má sọ. Ó fi ìka lé ètè báyìí."

Jeanne dúró bí igi. Ó wo Ulrich, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Bàbá Ọmọ́ládé, orí mi dí. Ojúmọ́ ti mọ́ tipẹ́, èmi ni mo di ojú."

"Kí lo rí?"

"Ẹ gbé mi lọ sí ọ́fíìsì. Ulrich, fọ ọwọ́ ẹ, gun ẹ̀yìn wa. A ní ibi tí a ń lọ lẹ́yìn ìyẹn."

*

Ètò náà ti wa ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ohùn Bàbá wà níbẹ̀! Ó wà lódindi, láìsí ibì kan tó já. Mo fò sókè. Mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́, ìyàwó mi gbá mi lọ́wọ́ pé tèmi kọ́. Ohun tí òun ń wò ni àmì tí ẹ̀rọ náà fi sílẹ̀ nípa ìgbà tí wọ́n ju fáìlì náà sínú Corbeille.

"Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú," ó ní. "Nígbà tí Máàsì ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n kọ́kọ́ jù ú sí Corbeille, wọ́n wá da Corbeille nù. Ta ló wà nílé nígbà náà?"

"Wọ́n ní kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ̀yin náà gbà bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn ló sọ ọ́. Wọ́n jọ lọ Máàsì, ó ku..." Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Jeanne!"

"Ẹ sọ ọ́."

"Ó ku Bàbá."

Ó gbé tẹlifóònù, ó pe Espérance. Ó bi í pé ta ló ni ọ̀dinatẹ́ẹ̀ náà gan-an, ta ló sì fi kóòdù sí i.

"Ti Bàbá ni," ọmọ náà dáhùn. "Àwọn tó kọ́ níwèé ló dáwó rà á fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì. Òun ló fi kóòdù sí i, òun ló fi hàn wá. Madam, kí ló dé?"

"À ń bọ̀," Jeanne ní.

Ó kó fáìlì náà sínú kilé kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó sì pa ti orí ẹ̀rọ méjèèjì rẹ́, ó tú ilẹ̀ ibẹ̀ kanlẹ̀. Mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ń yọ lẹ́nu mi bí omi. Ọwọ́ òsì, ó yé mi. Corbeille tó mọ́ nigín, ó yé mi pẹ̀lú, torí Bàbá Mẹ́tìrì tí mo mọ̀ kò lè rí pàǹtírí kó fi í sílẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n bàbá wo ló ń pa ìwúre tó ṣe fún ọmọ rẹ̀ rẹ́? Kí lọmọ náà ṣe fún un?

"Kò ṣe nǹkan kan," ìyàwó mi ní. "Bàbá Ọmọ́ládé, kí ni Bàbá sọ lọ́jọ́ tó ń gba ohùn sílẹ̀? Ìgbà wo ló ní kí wọ́n jẹ́ kí Espérance gbọ́ ọ?"

"Tí òun ò bá sí mọ́."

"Ó ti parí."

Mo wa alùpùpù náà dé Massè láìsọ̀rọ̀. Jeanne ní òun ò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra.

*

Ó ní kí gbogbo ilé jáde síta. Èmi nìkan ló gbà láyè, torí ó mọ̀ pé etí fèrèsé ni n óò lọ dúró sí bí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú àga.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò. Bí mo bá ṣìnà, ẹ mi orí."

Bàbá ń wò ó.

"Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n tẹ ohùn yín síta lójú yín. Ògúnsànyà sunkún yín. Àwọn ọmọ yín rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó wo ojú yín. Ẹ rò ó pé òkú ni wọ́n ń tẹ ohùn ẹ̀ báyìí. Ẹ rò ó pé tí wọ́n bá tún tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìdána, tí ẹ jókòó síbẹ̀ láàárín àna, wọ́n ti sin yín nìyẹn. Nígbà tí wọ́n lọ Máàsì, ẹ dìde, ẹ fi òsì ti eku, ẹ ṣe é. Ohun ìní yín ni, ohùn yín sì ni. Ṣé mo ṣìnà?"

Bàbá kò mi orí. Omi kún ojú rẹ̀, ó ṣàn dé irùngbọ̀n. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó fi lu àyà ara rẹ̀, ó tún lù ú. "Ẹn! Ẹn!"

"Ẹ wà, Bàbá," Jeanne ní. "Mo rí yín. Ẹ wà níbí."

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bàbá tó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ sísọ ni a jẹ́ kí tara rẹ̀ bá a dákẹ́ láàárín ilé ara rẹ̀. Ojú tì mí fún gbogbo wa, mo sì ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ṣe é.

Jeanne fi kilé náà sí i lọ́wọ́. "Mo wá a rí. Láti ìgbà tí mo ti rí i, mi ò gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ. Kò sí òmíràn. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ ọ́ sí kànga. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ pa á mọ́ di ìgbà tí ẹ sọ. Ẹ̀yin lẹ ni í. Ṣé kí n sọ fún wọn ni, àbí kó kú sí àárín wa?"

Bàbá pa ọwọ́ dé. Ó wo kilé náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi í sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó fi òsì dé bọ́tìnnì àpò náà fúnra rẹ̀, ó wá nawọ́ sí ilẹ̀kùn pé kí wọ́n wọlé.

Wọ́n wọlé. Jeanne sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, kò sì fi ọ̀rọ̀ gún ẹnikẹ́ni. Armand wó sórí àga, ó di orí mú. "Bàbá, a ní ẹnikẹ́ni ò sí nílé," ó ń sọ. "Ẹ̀yin wà nílé, a ní ẹnikẹ́ni ò sí." Ìyá Ọmọlará fi ìborùn bo ojú. Ulrich dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tijú láti wọlé, Ìyá náà ló sì fà á wọlé lápá láìwò ó lójú, ó ní, "Wọlé jàre, ìwọ náà."

Espérance rìn lọ bá bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé e lórúnkún.

"Mo rò pé ohùn yẹn ni mò ń wá," ó ní. "Ẹ má bínú sí mi, Bàbá mi. Mi ò mọ̀ pé ìtìjú ló jẹ́ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí n tún un gbọ́ báyìí. Kó pẹ́ kí n tó gbọ́ ọ."

Bàbá nawọ́ òsì pe Ulrich. Ulrich wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Mo rí i tí Ìyá Ọmọlará fẹ́ la ẹnu, torí a kì í fi ọwọ́ òsì súre fún ọmọ. Bàbá ti ṣáájú rẹ̀. Ó fi òsì di ọ̀tún tó kú yẹn mú ní ọrùn ọwọ́, ó gbé e sókè bí ẹni gbé ẹrù, òógùn ń bọ́ níwájú orí rẹ̀. Armand fẹ́ sáré ràn án lọ́wọ́, Jeanne dá a dúró. Bàbá gbé ọ̀tún náà lé orí Espérance.

Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ohùn ò jáde. Kò gbìyànjú ẹ̀ pàápàá, kò ṣe "ẹn-ẹn". Ó kàn ń sọ ọ́ pẹ̀lú ètè lásán, ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, ó wá dúró bí ẹni tó ń wúre ṣe máa ń dúró. Ó ń wò wá. A ò mọ ohun tó yẹ ká ṣe.

"Àmín!"

Ìyá Ọmọlará ni. Ó ti ṣí ojú, ó ń bá wa jà. "Kí lẹ ń wò? Ẹ ò rí i pé Bàbá ń súre? Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé ni? Àmín!"

"Àmín!" la jọ ké.

Ètè Bàbá tún mì, ó tún dúró. "Àmín!" Ó mì, ó dúró. "Àmín o!" Èmi ni mo ń ké jù, títí ohùn mi fi há. Jeanne, ìyàwó mi tí kì í sunkún, ti gbá apá mi mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ṣe àmín tirẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìwúre náà gùn. Ẹ má ní kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, torí mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Espérance ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀.